Òṣùwọ̀n Méjì Ló Ń Lé Ìgbẹ́kẹ̀lé Lọ
Ọ̀rọ̀ fún àwọn olùgbọ́ ní ilé ìkàwé Ìjerò, Arámọkọ, Ẹ̀fọ̀n àti agbègbè wọn

 Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ohun kan tí kò sí ìjọba tó lè fi owó rà, tí kò sì sí ọlọ́pàá tó lè fi kóńdó gbà. Ohun náà ni ìgbẹ́kẹ̀lé tí ará ìlú ní nínú olórí wọn, pàápàá jù lọ nígbà tí ìlú bá dàrú.

Kò sí àgbẹ̀ kòkó kan láti Ẹ̀fọ̀n títí dé Ìjerò tí kò mọ ohun tí ìwọ̀n ń jẹ́. Àgbẹ̀ a gbé kòkó rẹ̀ tó gbẹ dáadáa wá sórí ìwọ̀n, a sì gba iye tí ìwọ̀n bá sọ, ìbáà tilẹ̀ kéré sí ohun tí ó rò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ó bá mọ̀ pé ìwọ̀n méjì ni ẹni tí ń ra kòkó ń lò, ọ̀kan fún ìbátan rẹ̀, ọ̀kan fún àwọn yòókù, ọjọ́ náà ni ìgbẹ́kẹ̀lé pin. Bí ìwọ̀n náà bá tilẹ̀ sọ òtítọ́ lọ́la, ìfura ni àgbẹ̀ yóò máa fi wò ó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ olórí àti ìlú rí. Ará ìlú lè fara da ìpinnu tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ohun tí wọn kì í fara dà ni òṣùwọ̀n méjì.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Èkìtì. Kí ìwé ìbò tó dé rárá ni àwọn baba ńlá wa ti mọ bí a ti í fi ọkàn tán olórí. Ní ọdún 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí, ní ìtòsí Ẹ̀fọ̀n níhìn-ín, dìde sí àjẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí ń ni àwọn ènìyàn lára. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn alájọṣe wọn para pọ̀, ogun Kírìjì sì bẹ̀rẹ̀. Fábùnmi, tí ó jẹ́ ọ̀dọ́, ni ó kọ́kọ́ ṣíwájú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ògèdèngbé ti Iléṣà dé ojú ogun, òun ni a fi ṣe olórí ogun Èkìtì Parapọ̀. A kò bèèrè pé ọmọ ìlú wo ni. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni a fi wọ̀n ọ́n. Ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn ni ó mú ọ̀pọ̀ ìlú tí kò sin ọba kan náà dúró pọ̀ títí a fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1886.

Nígbà tí òmìnira dé ní ọdún 1960, ìbò àti Ilé Aṣòfin ni ó di ìwọ̀n tuntun. Ní àkókò náà, Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, Ìbàdàn sì ni olú-ìlú. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti fi ipò Prẹ́míà sílẹ̀ lọ sí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ní Èkó, Olóyè Samuel Ládòkè Akíńtọ́lá sì ti gba ipò náà. Kò pẹ́ tí aáwọ̀ fi wọ àárín àwọn aṣáájú méjèèjì, tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sì pín sí méjì.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, àwọn aṣòfin 66 fọwọ́ sí ìwé kan pé àwọn kò ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú Prẹ́míà mọ́. Gómìnà Ẹkùn náà, Ọọ̀ni Ifẹ̀, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, gba ìwé náà yẹ̀ wò, ó yọ Olóyè Akíńtọ́lá nípò, ó sì fi Alhaji Dauda Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Olóyè Akíńtọ́lá kò gbà. Ó ní inú Ilé Aṣòfin ni ó yẹ kí a ti ka orí, kì í ṣe lórí ìwé. Nígbà tí Ilé sì jókòó ní ọjọ́ 25 oṣù náà, àga ń fò, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ọlọ́pàá sì fi afẹ́fẹ́ tajútajú tú wọn ká. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 29, Olórí Ìjọba Àpapọ̀, Alhaji Sir Abubakar Tafawa Balewa, mú kí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ kéde òfin pàjáwìrì lórí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ni a rán wá láti ṣàkóso rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ara balẹ̀ wo ohun tó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1963, a dá Olóyè Akíńtọ́lá padà sí ipò Prẹ́míà láìsí ìbò kankan. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ àgbà tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí ó ní àṣẹ ìkẹyìn lórí ẹjọ́ wa nígbà náà, dá a pé ohun tí Gómìnà ṣe bófin mu. Kíá ni a yí òfin Ẹkùn padà kí ìdájọ́ náà má baà ṣiṣẹ́. Ẹnì kan lè sọ pé ti Prẹ́míà ni ẹ̀tọ́, ẹlòmíràn lè sọ pé ti Gómìnà ni. Ṣùgbọ́n ohun kan dájú: ẹni tí ó ni ìgbẹ́kẹ̀lé, èyíinì ni ará ìlú, kò sí ẹni tí ó bi í léèrè fún ọdún mẹ́ta ó lé.

Ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965 ni a tó bi í. Ìbò Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni ọjọ́ náà, láàrin Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ ti Olóyè Akíńtọ́lá àti ẹgbẹ́ alájọṣe UPGA, nínú èyí tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ wà. Ní ibòmíràn, a kéde pé ẹnì kan wọlé láìní alátakò, bẹ́ẹ̀ àwọn alátakò wà tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀. Ìhà méjèèjì ni ó kéde pé àwọn ni ó borí. Nígbà tí a fi Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ jókòó sórí àlééfà, ìlú gbiná. Gbogbo àgbà ló mọ ọ̀rọ̀ tí a ń pè ní wẹ́tí-ẹ́: bẹntiróòlù ni a ń dà sí ilé, sí ọkọ̀, àní sí ara ènìyàn, kí a tó ṣá iná sí i.

Níbi yìí ni ojú gbogbo ènìyàn ti yí sí Olórí Ìjọba Àpapọ̀. Ìjà inú yàrá kan ṣoṣo, ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ni ó mú un kéde òfin pàjáwìrì ní ọdún 1962. Nísinsìnyí tí ilé ń jó láti ìlú dé ìlú, kò kéde rẹ̀. Èrò ìjọba àpapọ̀ ni pé ìjọba kan wà lórí àlééfà ní Ìbàdàn, kò sì dà bí ti 1962. Ó lè jẹ́ pé bí òfin ti rí nìyẹn lójú amòfin. Lójú àgbẹ̀ àti oníṣòwò, ìwọ̀n méjì ni. Ní ọjọ́ 11 àti 12 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, Alhaji Balewa gba àwọn olórí ìjọba ilẹ̀ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì lálejò ní Èkó lórí ọ̀rọ̀ Rhodesia, nígbà tí iná ilé kò tíì kú. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, àwọn ológun kan dìtẹ̀, wọ́n sì pa Alhaji Balewa àti Olóyè Akíńtọ́lá. Kò sí ẹni rere tí yóò yọ̀ sí irú ikú bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí ó tẹ̀lé e kò mú ìrọ̀rùn wá fún Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọnù: nígbà tí olórí kò bá lo òṣùwọ̀n kan náà fún ọ̀tá àti ọ̀rẹ́, ìgbẹ́kẹ̀lé á ti jáde nílé kí ewu tó wọlé.

Ẹ wo ìyàtọ̀. Olóyè Awólọ́wọ̀ wà ní ẹ̀wọ̀n láti ọdún 1963, kò ní àga, kò ní ọlọ́pàá, kò ní rédíò. Síbẹ̀, nígbà tí a tú u sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1966, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó tú jáde láti pàdé rẹ̀, àwọn aṣojú ilẹ̀ Yorùbá sì fi í ṣe Aṣáájú. Bákan náà ni ti Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, tí ó jẹ́ gómìnà ológun Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fún oṣù díẹ̀ péré. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1966 ni a pa á pẹ̀lú Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun, tí ó gbà lálejò ní Ìbàdàn. Títí di òní ni a ń dárúkọ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ní Èkìtì. Ẹnì kan lè ní àga kí ó má ní ìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹlòmíràn lè ní ìgbẹ́kẹ̀lé kí ó má ní àga. Èyí kejì ni ó máa ń pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ náà tún wá sí ìdí ilé wa gan-an ní ọdún 1983. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni a wà nígbà náà, Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin ti Ọ̀wọ̀ sì ni gómìnà. Olóyè Akin Ọmọ́bọ́ríowó, ọmọ Ìjerò, ni igbákejì rẹ̀ láti ọdún 1979. Aáwọ̀ dé, Olóyè Ọmọ́bọ́ríowó kúrò nínú ẹgbẹ́ UPN, ó sì di olùdíje fún ẹgbẹ́ NPN. Lẹ́yìn ìbò oṣù kẹjọ ọdún 1983, àjọ FEDECO kéde pé òun ni ó wọlé. Àwọn Yorùbá ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn, kò sì burú kí ìlú fẹ́ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ ni a sọ, a kò sọ ìbò. Ìbò kì í ṣe ẹ̀bùn tí a ń fún ọmọ ẹni. Ó ní iye, iye náà sì gbọ́dọ̀ pé.

Ìkéde náà dá rògbòdìyàn sílẹ̀ káàkiri Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ilé jó, dúkìá ṣòfò, ẹ̀mí sì lọ. Olóyè Ajásin gba ilé ẹjọ́ lọ. Láti Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Àkúrẹ́, dé Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, títí dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, òun ni a dá láre, ó sì wà lórí oyè títí di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1983 tí àwọn ológun gba ìjọba. Bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n kí gbogbo ọ̀dọ́ fi èyí sọ́kàn: ìdájọ́ dá àga padà fún ẹni tí ó ni ín, kò dá òkú kan padà fún ìyá rẹ̀. Iná ti jó tán kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀, lára àwọn tí ó sì jó ni ẹni tí kò mọwọ́ tí kò mọsẹ̀.

Ní ọdún 2007, nígbà tí Èkìtì ti di ìpínlẹ̀ fún ara rẹ̀ láti ọdún 1996, a tún rí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láàrin Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ́gun Òní àti Dókítà Káyọ̀dé Fáyẹmí. Ó di ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2010, kí Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìlọrin tó fi Dókítà Fáyẹmí sórí oyè. Ìlú kò jó bí ti 1983, èyí sì jẹ́ ìyìn fún ará Èkìtì. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ pẹ́ jù. Nítorí náà ni a fi tún òfin ṣe: láàrin ọjọ́ 21 lẹ́yìn ìkéde ni ẹni tí ọ̀rọ̀ kò tẹ́ lọ́rùn gbọ́dọ̀ pe ẹjọ́, láàrin ọjọ́ 180 ni ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ ìbò gbọ́dọ̀ dá a, ọjọ́ 60 sì ni fún ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kọ̀ọ̀kan. Níbi ìbò gómìnà Èkìtì ti ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2022, ẹ̀rọ BVAS ni àjọ INEC fi dá olùdìbò mọ̀, a sì gbé àwòrán ìwé èsì láti ibùdó ìdìbò sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹni gbogbo lè rí i.

Ẹ̀rọ dára, òfin sì dára, ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣe ojú fún ènìyàn. Ojúṣe ará ìlú kò parí nígbà tí ó bá ti tẹ̀ka. Ẹ dúró ní àlàáfíà kí ẹ gbọ́ bí a ti ń ka ìbò. Ẹ kọ iye tí a kà sílẹ̀. Ẹ wo ìwé èsì tí a lẹ̀ mọ́ ibùdó ìdìbò yín, kí ẹ sì mọ̀ bóyá iye náà ni a kà níbi tí a ti ń kó èsì jọ. Bí ó bá yàtọ̀, ẹ fi ohun tí ẹ kọ lé ẹni tí yóò lọ sí ilé ẹjọ́ lọ́wọ́. Ìwé tí ọmọ ilé ìwé kan kọ nínú oòrùn lágbára ju gálọ́ọ̀nù bẹntiróòlù mẹ́wàá lọ. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà nípò olórí, láti ìgbìmọ̀ ìlú títí dé ìjọba àpapọ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ìlú kò ní kí ẹ má ṣe àṣìṣe. Ohun tí ìlú ń fẹ́ ni pé ìwọ̀n tí ẹ fi wọn alátakò yín ní àná ni kí ẹ fi wọn ọ̀rẹ́ yín lónìí, kí ẹ sì gbé e síbi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Olórí tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé, nígbà tí ìlú bá tilẹ̀ gbóná, àwọn ènìyàn yóò dúró gbọ́ ohun tí ó fẹ́ sọ.

 Kí àlàáfíà wà ní Ìjerò, kí ó wà ní Arámọkọ, kí ó wà ní Ẹ̀fọ̀n, kí ó sì kárí gbogbo ilẹ̀ Èkìtì àti Nàìjíríà.