Ògiri Oníhò: Bí Ilé Ìgbàlódé Ṣe Dé Ìbàdàn àti Bí Ó Ṣe Rìn Dé Kétu

 Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló kan onímọ̀ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì, èsì mi ni pé ilé ní gírámà tirẹ̀, ènìyàn sì lè há ọ̀rọ̀ sórí láìmọ gírámà rẹ̀.

Ẹ wo àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó ti pẹ́ díẹ̀ ní àdúgbò yìí. Lára ògiri ibi àtẹ̀gùn wọn, tàbí ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ó rí búlọ́ọ̀kù oníhò: òmíràn dà bí òdòdó, òmíràn rí róbótó, òmíràn ní igun mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ní ọdún 1948 ni a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Àwọn tí a gbé iṣẹ́ yíya àwòrán ilé rẹ̀ fún ni Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀, Jane Drew, tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, èyí tí í ṣe Gánà lónìí. Ìṣòro tí ó dojú kọ wọ́n kò kéré. Ilé ìgbàlódé tí a ti ń kọ́ ní Yúróòpù láti àwọn ọdún 1920, ilé funfun olórùlé pẹrẹsẹ, onífèrèsé gíláàsì gbàràmù, ilé ìlú òtútù ni; oòrùn ni ó ń wá. Níhìn-ín, oòrùn ni à ń sá fún. Nítorí náà wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ilé náà ní tóóró gígùn, tí ó jẹ́ pé yàrá kan péré ni ó wà ní ìbú rẹ̀, kí atẹ́gùn tí ó bá gba ìhà kan wọlé lè gba ìhà kejì jáde. Wọ́n yí ojú ilé kúrò lọ́dọ̀ oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́. Wọ́n wá fi ògiri oníhò ṣe ìbòòji. Lójú tèmi, ilé ìkàwé tí a ń fi orúkọ Kenneth Dike pè ni ó gbayì jù lọ nínú wọn: ara rẹ̀ dà bí aṣọ léèsì, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé ṣùgbọ́n ooru kò rí ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1956, àwọn méjèèjì tẹ ìwé jáde lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ ooru àti ọ̀rinrin.

Èmi kò sí lára àwọn tí ń sọ pé Òyìnbó ni ó fi atẹ́gùn hàn wá. Ògiri amọ̀ nípọn ní àkòdì àwọn baba wa, ìgbátí òrùlé wá sílẹ̀, gbogbo yàrá sì kọjú sí àgbàlá tí ó ṣí sókè. Àwòrán yàtọ̀, ìrònú jọra.

Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì tí ó kọ́ṣẹ́ ní Bauhaus ní Jámánì, gba ọ̀nà mìíràn ní Ifẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960: ó mú kí àjà òkè fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí ilé lè máa ṣíji bo ara rẹ̀. Demas Nwoko, ọmọ Ìdumuje-Ugboko, ni ó tún pa dà sórí ilẹ̀ pupa wa. Ó pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀, ó sì fi ṣe búlọ́ọ̀kù. Ní àwọn ọdún 1970 ó kọ́ ilé ìsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn. Ọdún 2023 ni a tó fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Oníwúrà ní Venice. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i.

Báwo wá ni búlọ́ọ̀kù oníhò ṣe dé Kétu? Kò nílò ayàwòrán-ilé kankan. Yanrìn, sìmẹ́ńtì, àpótí irin tí a fi ń yọ ọ́, àti ọkùnrin méjì, ó tó. Búlọ́ọ̀kù ni ó rìn dé. Òfin tí ó bí i kò bá a dé. Ilé tí a kọ́ síbí jẹ́ ìlà yàrá méjì tí ó kọjú síra, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ṣókùnkùn wà láàárín, fèrèsé kan sì ni yàrá kọ̀ọ̀kan ní. Atẹ́gùn wọlé, kò rí ọ̀nà jáde. Ibi àtẹ̀gùn, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í sùn, ni atẹ́gùn ti ń fẹ́.

N kò dá onílé lẹ́bi pátápátá. Ilé onílà kan, ìdajì owó yàrá ni. Búlọ́ọ̀kù oníhò pẹ̀lú sì ní àléébù: ẹ̀fọn ń gbà á wọlé, òjò ń fọ́n wọlé, ọyẹ́ ń kó eruku bá a wá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dí i. Àwọn ilé tuntun kò tilẹ̀ ní in rárá; fèrèsé gíláàsì tí à ń fà ni wọ́n ní, èyí tí ìdajì rẹ̀ nìkan lè ṣí lẹ́ẹ̀kan. Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì sí, onílé àti ayálégbé a jọ jáde síta. Ẹ sì lọ sí ọjà Máìlì 12: apẹ̀rẹ̀ tí a fi ń kó tòmátì ti òkè Ọya wá ní àlàfo lára, nítorí ìyá tí ń tà á mọ ohun tí ooru ń ṣe fún ọjà rẹ̀ ní ibi tí a dí pa.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ lọ bá àwọn tí ń gé búlọ́ọ̀kù láti Ìkòsí dé Kétu, àwọn tí àpótí irin àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye yàrá tí ó ní fèrèsé ní ìhà méjì nínú ilé tí ẹ̀yin fúnra yín ń gbé, kí ẹ mú ìwé méjèèjì wá sí ẹ̀ka wa.