Nígbà tí Ojú Kọ̀ǹpútà Bá Ṣókùnkùn

Bí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe géèmù bá ń kú lójijì, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣókùnkùn, káàdì àwòrán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Eruku lè dí fáànù, kí ooru sì pọ̀ jù. Àpótí tí ń pín iná lè má lágbára tó. Wáyà lè má wọlé dáadáa.

Ẹ wo ọ̀ràn àwọn ọpọlọ kọ̀ǹpútà kan tí Intel ṣe, ìran 13 àti 14. Géèmù a dá dúró, a sì máa kéde pé àyè ìrántí káàdì àwòrán ti tán. Káàdì ni a fura sí. Ọpọlọ ni ó ń ṣàìsàn. Ní oṣù keje ọdún 2024, Intel kéde pé iná tí ń wọ inú ọpọlọ náà ti pọ̀ jù. Àtúnṣe jáde ní oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n kò lè wo èyí tí ó ti bàjẹ́ sàn.

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni kí olùtúnṣe yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ó dán an wò, kí ó sì kọ àbájáde sílẹ̀. Ẹni tí ó bá yí mẹ́ta pa dà pọ̀ kò ní mọ èyí tí ó jẹ̀bi. Owó rẹ̀ a sì bá ohun tí kò bàjẹ́ lọ.