Ẹni Tó Dákú Àti Ẹni Tí Ọpọlọ Rẹ̀ Kú
(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ètò Ìlera sọ níbi ìkówójọ Owó Ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa)

 

Ọ̀rọ̀ wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayẹyẹ, ṣùgbọ́n ó yẹ ká sọ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa kan ní Sábóńgàrì ṣubú lórí alùpùpù, ó fi orí gbálẹ̀. Nílé ìwòsàn, ẹ̀rọ ni ó ń bá a mí. Ní ọjọ́ kẹta, dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e láyà, ó ní: "Àyà ọmọ mi ń lù, ara rẹ̀ gbóná, ẹ ní ó kú!" Ẹbí pín sí méjì. Àwọn kan fẹ́ ta ilẹ̀ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ̀rọ má baà dúró. Àwọn kan ní kí wọ́n gbé e lọ sílé. Ìjà náà kò tíì tán.

Ìyá yẹn kò purọ́; dókítà náà kò purọ́. Ọkàn ní agbára tirẹ̀ tí ó fi ń lù, ṣùgbọ́n ọpọlọ ni ó ń pàṣẹ mímí. Bí ọpọlọ bá kú, mímí a dúró, ọkàn náà a sì dúró láìpẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀dọ̀fóró ni kò jẹ́ kí ọkàn tètè dúró. Ní 1959, dókítà méjì ní Faransé, Mollaret àti Goulon, kọ̀wé nípa irú ipò yìí. Ní 1968, ìgbìmọ̀ kan ní Yunifásítì Harvard, ní Amẹ́ríkà, la ọ̀nà tí a lè fi dá a mọ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó dákú yàtọ̀. Ọpọlọ rẹ̀ farapa, ṣùgbọ́n kò kú. Ó lè máa mí fúnra rẹ̀. Ọmọlójú rẹ̀ lè sún kì bí a bá tan iná sí i. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jí. Ṣùgbọ́n bí ọpọlọ bá kú pátápátá, tí àyẹ̀wò sì pé, kò sí ìpadàbọ̀.

Kí ni àyẹ̀wò tó pé? Dókítà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ṣe aláìsàn. Ó gbọ́dọ̀ rí i dájú pé kì í ṣe oògùn amúnisùn tàbí òtútù ara ni ó fa ipò náà. Yóò tan iná sí ojú, yóò fi òwú kan ẹyinjú, yóò wò ó bóyá yóò wúkọ́. Níkẹyìn, wọ́n á yọ ọ́ lórí ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, pẹ̀lú ọ́síjìn, láti wò ó bóyá yóò mí. Bí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ bá ta, ẹ má jẹ́ kó tàn yín: ó lè wá láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn, láìsí ọpọlọ níbẹ̀.

Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ bi dókítà pé: "Ṣé ó dákú ni, àbí ọpọlọ ló kú? Àyẹ̀wò wo ni ẹ ṣe? Ṣé dókítà mìíràn ti wò ó?" Ẹ tètè ránṣẹ́ sí àwọn àgbà nílé, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà. Bí ó bá jẹ́ pé ó dákú ni, ẹ jẹ́ ká náwó. Ìdí nìyí tí a fi ń kó owó òní jọ. Bí ọpọlọ bá sì ti kú, ẹ má ta ilẹ̀ àwọn ọmọ tó kù. Ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó dágbére fún un, kí a sì gbé e lọ sílé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ dé akoto kí ẹ tó gun alùpùpù. Ọlọ́run kò ní fi irú rẹ̀ dán wa wò. Ire o.