Bátìrì Láptọ́ọ̀pù Tó Kú, Kò Kú Tán

Ikoga níbí, lọ́nà Àgbádárìgì. Bọ́ọ̀lù ni àwọn kan fi ń najú; èmi, bátìrì láptọ́ọ̀pù tó ti kú ni mo máa ń tú.

Tí ẹ bá la ike rẹ̀, pàápàá àwọn ti àtijọ́, ẹ ó bá bátìrì róbótó bíi mẹ́fà níbẹ̀. 18650 ni wọ́n ń pè é: ó fẹ̀ ní mìlímítà 18, ó gùn ní 65. Ẹyọ kan péré lè bàjẹ́ kí gbogbo wọn dákẹ́. Mítà ni mo fi ń wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti wálẹ̀ ju volt 2 lọ, mi ò gbà á lálejò. Bọ́ọ̀dù kékeré TP4056 ni mo fi ń cháàjì ìyókù. Tó bá ti dé 4.2, á dúró fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ gún un o! Iná ni.

Àbúrò mi obìnrin ń múra WAEC. Àbẹ́là ló fi ń kàwé tẹ́lẹ̀ tí wọ́n bá mú iná. Ní báyìí, gílóòbù LED tí mo so mọ́ mẹ́ta nínú wọn ni. Màmá wa tó ń pè é ní pàǹtí ti ní kí n ṣe ti ilé ìdáná.