Igi Ńlá Inú Ọgbà, àti Ẹni Tí A Rán Gùn Ún
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé ẹ̀ka wa

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń bi ara wọn léèrè pé kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ igi. Owó oṣù ni a máa ń bá ara wa sọ níbí, àti owó ìfẹ̀yìntì, àti ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye wa tí ń gbé Sùúrùlérè, Yábàá, Èbúté Mẹ́tta, àti Bódìjà àtijọ́ n'Ìbàdàn. Ẹ wo iye wa tí ń wa ọkọ̀ gba abẹ́ àwọn igi ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Ẹ sì wo iye àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń fi ọjọ́ Sátidé gun igi onígi nítorí owó oúnjẹ. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ tiwa ni.

Àwọn àdúgbò wọ̀nyí ti dàgbà. Láti ọdún 1955 ni LEDB ti ń wó ilé láàárín ìlú Èkó, tí wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Bódìjà náà, ayé ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́ ni a ti kọ́ ọ. Àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ilé wọ̀nyí gbin máńgòrò, wọ́n gbin píà, wọ́n gbin fúrúùtù fún ìbòòji. Dóńgóyárò ń bẹ ní ojú títì. Igi tí kò ju ọ̀pá ìtìlẹ̀ lọ ní ọdún 1960 ti lé ní ọdún 60 báyìí, orí rẹ̀ sì ti ga ju òrùlé lọ.

A kò wá sọ pé kí a gé gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá ti dé láti ẹnu iṣẹ́ alẹ́, tí ó fẹ́ sùn ní ọ̀sán nínú yàrá tí páànù wà lórí rẹ̀, yóò sọ fún yín ohun tí ìbòòji igi kan ń ṣe. Ohun tí ó ń bí wa nínú ni pé igi tí ara rẹ̀ le ni wọ́n máa ń gé, èyí tí ó ti kú tán ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀. Onílé á ní ewé ń dí gọ́tà òun, á pe ọmọkùnrin kan tí ó ní àdá, á ní kí ó bẹ́ ẹ lórí. (Ẹni tí ó bá ní ẹyẹ òru ń bà sórí igi òun, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kọjá agbára ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.) Igi tí a bá bẹ́ lórí kò dákẹ́. Yóò rú ẹ̀ka wẹ́wẹ́ jáde ní kíákíá, ọ̀pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n èèpo lásán ni àwọn ẹ̀ka tuntun wọ̀nyí fi dì mọ́ ara igi. Ojú tí a gé yóò máa jẹrà wọ inú. Ní ọdún mélòó kan sí i, àwọn ẹ̀ka náà á ti tóbi, wọn á sì máa já lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, sórí páànù tàbí sórí mọ́tò. Owó ni onílé fi ra ewu náà.

Báwo ni a ṣe ń mọ igi tí ó fẹ́ wó? Ìdí rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí a tó gbójú sókè. Bí a bá rí olú tí ó le bí pákó tí ó hù ní ìdí igi, inú igi náà ti ń jẹrà, bí ewé rẹ̀ tilẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Bí a bá lù ú, tí ó dún bí ìlù, ó ti dihò. Ẹ wo pàlàkà rẹ̀ pẹ̀lú. Bí apá ńlá méjì bá dìde láti ojú kan náà tí èèpo sì há sáàárín wọn, wọn kò di ara wọn mú. Ojú ibẹ̀ ni ìjì ti máa ń fà wọ́n ya. Igi tí ó ti tẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Èyí tí ó dúró ṣánṣán tẹ́lẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀, tí ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń sán tàbí tí ó ń wú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí ẹ tó kó àwọn ọmọ kúrò ní abẹ́ rẹ̀.

Lọ́pọ̀ ìgbà, àwa ènìyàn ni a ń pa igi fúnra wa. Gbòǹgbò kì í lọ jìnnà nísàlẹ̀ bí a ti rò. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2 sí ojú ilẹ̀, ó sì ń nà kọjá ibi tí ẹ̀ka parí sí. Nítorí náà, ẹni tí ó gbẹ́ kòtò páìpù tàbí ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì mọ́ ìdí igi, okùn tí ó so igi mọ́lẹ̀ ni ó gé. Igi náà lè dúró fún ọdún 2 tàbí 3 kí ó má sọ nǹkan kan. Ọjọ́ tí ìjì òjò àkọ́rọ̀ bá dé ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ilẹ̀ ìhà ibẹ̀ ni yóò ti tú. Kọnkéré tí a dà yí ìdí igi ká náà ń fún un lọ́rùn, kì í jẹ́ kí omi àti afẹ́fẹ́ dé ibi gbòǹgbò. Ní ti páìpù, wọ́n sáàbà máa ń ní igi ló fọ́ ọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, páìpù ló ti ń jò tẹ́lẹ̀, tí gbòǹgbò wá tọ omi lọ. Ìgbà ọyẹ́, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ni kí a ti wo àwọn igi wọ̀nyí, kí òjò tó bá wa lójijì.

Iṣẹ́ igi gígé jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ bí iṣẹ́ mẹkáníìkì tàbí wẹ́dà. Ẹ̀ka ńlá kì í ṣe ohun tí a ń fi ayùn gé láti òkè wá sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ayùn tó parí, ẹ̀ka á ti wúwo já, á sì bó èèpo igi lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń gé e. Àkọ́kọ́ láti abẹ́, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1 sí ara igi, kí ó má ju ìdá mẹ́ta kan lọ. Ìkejì láti òkè, síwájú díẹ̀ sí èyí, títí ẹ̀ka yóò fi já. Ìkẹta ni a ó fi mú kùkùté tí ó kù kúrò, ní ojú ibi tí ó wú díẹ̀ kí ó tó kan ara igi. Kí a má gé ibi wíwú náà mọ́ ọn, nítorí níbẹ̀ ni igi ti ń dí ọgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà tí àwọn kan ń kùn sí ojú ọgbẹ́ kò ràn án lọ́wọ́.

Bí igi bá ní láti wó pátápátá, ní oko a ó gé ẹnu sí ìhà tí a fẹ́ kí ó wó sí, tó ìdá mẹ́rin tàbí ìdá mẹ́ta igi. A ó wá gé e láti ẹ̀yìn, lókè díẹ̀ sí ẹnu náà, a ó sì fi igi díẹ̀ sílẹ̀ láàárín kí ó ṣe iṣẹ́ ìdè ilẹ̀kùn. Ẹni tí ń gé kò gbọdọ̀ sá tààrà sẹ́yìn, nítorí ìdí igi lè ta padà; ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ni kí ó gbà. Àwọn yòókù kò gbọdọ̀ súnmọ́ tó ìlọ́po 2 gíga igi náà. Ṣùgbọ́n ní Sùúrùlérè, níbo ni àyè ìlọ́po 2 wà? Ògiri ni, ilé aládùúgbò ni, wáyà ni. Nítorí náà, ẹyọ ẹyọ ni a ń so ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú okùn. Ìtì igi tútù tí ó tó mítà 1 ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga lè súnmọ́ tọ́ọ̀nù 1. Ẹ̀yin awakọ̀ akẹ́rù mọ ohun tí tọ́ọ̀nù 1 ń ṣe sí sìpíríìnì ọkọ̀. Ẹ fojú inú wo ohun tí yóò ṣe sí ẹni tí ó di okùn mú lọ́wọ́ lásán.

Bàbá adẹ́mu tí kò wọ ilé ìwé rí kì í gun ọ̀pẹ láìsí igbà. Kí ló dé tí a fi ń rán ọmọ lọ sórí máńgòrò pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgégi lọ́wọ́, sálúbàtà lẹ́sẹ̀, láìsí okùn kankan? Kí ẹni tí ń gé igi lókè so ara rẹ̀ mọ́ ibi 2, nítorí ayùn lè gé okùn kan. Ọwọ́ méjèèjì ni a fi ń di ẹ̀rọ náà mú. Bí ṣóńṣó irin rẹ̀ bá kan igi lójijì, yóò ta padà sí ojú àti ọrùn ẹni tí ó mú un. A kì í gbé e ga ju èjìká lọ, a kì í sì í dúró lórí àkàsọ̀ lò ó.

Ti iná mànàmáná tún burú jù. Èyí tí ó wọ ilé wa jẹ́ fóltì 230, ṣùgbọ́n wáyà òkè lójú títì lè jẹ́ 11,000 tàbí 33,000. Kò dìgbà tí a bá fọwọ́ kan án. Ẹ̀ka tútù ń gbé iná, iná gíga sì lè fò. NEPA lọ ní 2005, wọ́n pín PHCN náà tà ní 2013, ṣùgbọ́n iná kò yí ìwà rẹ̀ padà. Ẹ má ṣe gbọ́kàn lé e pé wọ́n ti mú iná lọ. Gbogbo wa mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó mọ wákàtí tí wọn yóò mú un dé, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì lè dá iná padà sórí wáyà. Igi tí ó bá súnmọ́ òpó, kí a kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ iná, kí wọ́n wá pa wáyà náà fúnra wọn kí ẹnikẹ́ni tó gòkè.

Èyí ni ó wá gbé wa dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an. Ilé iṣẹ́ kan, a kò ní dárúkọ rẹ̀, sọ fún kásúà mẹ́ta pé kí wọ́n lọ gé igi fúrúùtù tí ó wà ní kọ́tà ọ̀gá. Iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ ni a gbà wọ́n fún. Àdá àti ayùn ni a fún wọn. Ẹ̀ka já, ó sì gbá ọ̀kan nínú wọn lulẹ̀. Ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Nígbà tí a lọ béèrè, wọ́n ní kásúà ni, wọ́n ní igi gígé kì í ṣe ara iṣẹ́ rẹ̀. Ta ni ó wá rán an? Ìyàwó rẹ̀ ni ó ń tajà báyìí tí ó sì ń sanwó oògùn, a sì ń bá wọn fà á lọ títí di òní.

Òfin wà lórí èyí, kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2010 ni Employees' Compensation Act rọ́pò Workmen's Compensation àtijọ́. Kásúà wà nínú rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ pàápàá wà nínú rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ni yóò máa san ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù òṣìṣẹ́ sọ́dọ̀ NSITF, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó wa fún un. Ẹni tí ó bá farapa, kí òun tàbí àwọn ará ilé rẹ̀ jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ mọ̀ láàárín ọjọ́ 14. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti kọ ọ́ ránṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ní ti ẹni tí onílé pè láti ojú títì gba àgbàṣe, ó ṣòro fún un láti rí nǹkan gbà lábẹ́ òfin yìí, nítorí náà kí ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yín tí ń ṣe é.

Ẹni tí ó ní igi nínú ọgbà l'Ékòó, kí ó béèrè ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ LASPARK kí ó tó gbé ayùn.

Ohun tí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ń gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn agbanisíṣẹ́ kò pọ̀. Kí a má rán ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan gun igi láìsí okùn, akoto àti ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà. Kí ẹni tí ó bá kọ̀ láti gùn ún má pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Kí a sì pe àwọn oníṣẹ́ igi wá wo gbogbo igi tí ó wà ní kọ́tà àwọn òṣìṣẹ́ kí oṣù kẹta tó wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé kọ́tà, ẹ lọ yẹ ìdí igi yín wò lọ́jọ́ Sunday, kí ẹ sì mú orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà ilé wá fún akọ̀wé. Ìwé tí a ń kọ wọ́n sí wà lórí tábìlì ní ẹnu ọ̀nà.