ÀKÍSÀ ÀGBÀ, OGÚN ỌMỌ-ỌMỌ
(Ọ̀rọ̀ tí aránṣọ kan sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa)



Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Ọ̀rọ̀ àkísà náà ni mo bá wá. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú kan fi àkísà ṣe ní Amẹ́ríkà.

Gee's Bend ni orúkọ ìletò wọn, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Odò yí i ká ní apá mẹ́ta. Ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n, oko òwú ni wọ́n sì ń ro. Nígbà òtútù, kò sówó aṣọ ìbora. Ni àwọn obìnrin bá ń tú ṣòkòtò iṣẹ́ tó ti gbó, wọ́n ń gé ibi tó ṣì lágbára, wọ́n ń rán an pọ̀ ní àbùlẹ̀ àbùlẹ̀. Wọ́n á tẹ́ òwú sí àárín, wọ́n á fi aṣọ mìíràn sí ìsàlẹ̀, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já. Àwọn ọmọdé a máa jókòó sábẹ́ aṣọ tí àwọn ìyá àgbà nà sórí igi, wọn a máa wo bí abẹ́rẹ́ ti ń wọlé tó ń jáde. Ilé ẹ̀kọ́ wọn nìyẹn.

Ní 1942, lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, Missouri Pettway kó aṣọ iṣẹ́ olóògbé náà jọ, òun àti ọmọ rẹ̀, Arlonzia, sì fi rán aṣọ ìbora, kí ó lè máa fi rántí ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ gbọ́ o. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé wọn kọjá sí ìlú Camden. Ní 1962, nígbà tí wọ́n ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò, wọ́n dá ọkọ̀ náà dúró. Ó di 2006 kí ó tó padà. Àwọn onílẹ̀ sì lé àwọn mìíràn kúrò nílé nítorí ìbò. Kí ni àwọn obìnrin agbègbè náà ṣe? Ní 1966, wọ́n dá ẹgbẹ́ alájọṣe sílẹ̀, Freedom Quilting Bee. Wọ́n jùmọ̀ ta iṣẹ́ wọn dé New York, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n kọ́ ilé ìránṣọ, wọ́n sì gba iṣẹ́ apò ìrọ̀rí lọ́wọ́ ilé ìtajà Sears. Ẹgbẹ́ náà kógbá sílé ní 2012, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ náà kò parun. Ní 2002, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Whitney ní New York pàtẹ àwọn aṣọ náà. Ní 2006, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán wọn sára sítáǹpù.

Ẹ̀yin ará mi, ilé iṣẹ́ aṣọ mélòó ló ti tì pa nílẹ̀ wa? Ọ̀gá lè ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́, kò lè ti ọgbọ́n tó wà lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá kú láìfi han ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ti bá a wọ ilẹ̀ nìyẹn. Ẹ má lé ọmọ kúrò nídìí máṣíìnì. Ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ àti òwú. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé iṣẹ́ obìnrin ni. Télọ̀ ọkùnrin kún inú gbọ̀ngàn yìí.

Níbi ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú aṣọ iṣẹ́ kan tó ti gbó wá, kí ó sì mú ọmọ-ọmọ kan dání. A ó rán aṣọ ìbora kan ṣoṣo fún ẹ̀ka wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.