Ẹ Gbàṣẹ Kí Fọ́tò Tó Wọ Fíìmù



A fẹ́ fi fọ́tò àtijọ́ ṣe fíìmù nípa ilé-ìwé wa. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni a ti bi?

Ẹni méjì ló ni ẹ̀tọ́ lórí fọ́tò. Ẹni tó yà á ni àkọ́kọ́: òun ni òfin Copyright ti 2022 kà sí oníṣẹ́. Bí ó bá ti kú, ẹ wá àwọn àrólé rẹ̀. Ẹnì kejì ni ẹni tí ojú rẹ̀ wà níbẹ̀: abala 37 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo ìgbé-ayé ìkọ̀kọ̀ rẹ̀.

Ká ní fíìmù ń sọ nípa àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé-ìwé, tí fọ́tò yín wá ṣàdédé yọ, tí àwọn ọmọ yín sì ń wò ó ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ ni. Ní 2025, ọmọ Èkìtì wa, Amòfin Àgbà Fẹ́mi Fálànà, pe Meta tó ni Facebook lẹ́jọ́ l'Ékòó, nítorí fídíò tó fi àwòrán àti ohùn rẹ̀ parọ́ pé ó ń ṣàìsàn.

Ìwé kan péré ti tó: orúkọ fíìmù, fọ́tò wo, ibi tí a ó ti fi hàn, owó tó bá wà níbẹ̀, ọjọ́, ìbuwọ́lùwé. Òbí ni yóò buwọ́ lù ú fún ọmọdé. Ti olóògbé, ẹ lọ bá ẹbí.

Abèèrè kì í ṣìnà.